Omi ṣáwà ń jẹ ògiri balùwẹ̀, táìlì ò tíì ṣeé ṣe: kí la lè fi bò ó ná?

Ayálégbé_ÒkèOdò
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ilé tá a gbà ní Òkè-Odò, Tanke, Ìlọrin níhìn-ín, onílé tẹ́ táìlì sílẹ̀ balùwẹ̀, ó sì fi gun ògiri dé orúnkún péré. Láti ibẹ̀ lọ sókè, síkírídìn tí wọ́n fi ń rẹ́ ojú ògiri kó lè jọ̀lọ̀ ni, wọ́n wá fi ọ̀dà ẹ̀múlúṣọ̀n kùn ún. Ẹni tó gbébẹ̀ ṣáájú wa, garawa ló fi ń wẹ̀. Àwa la ní kí púlọ́ḿbà bá wa so ṣáwà. Ní báyìí ọ̀dà ń wú, ó ń bó, nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú kan sì ń yọ lára ògiri. Yàrá tá à ń sùn ló wà lẹ́yìn ògiri ọ̀hún. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ti ń rùn.

Onílé ní òun máa tẹ́ táìlì rẹ̀ dókè, àmọ́ ó dìgbà tówó ilé ọdún tó ń bọ̀ bá wọlé. Mi ò fẹ́ náwó ńlá sórí ilé onílé, mi ò sì fẹ́ lu ihò káàkiri ògiri. Kí la lè fi tì í títí dìgbà yẹn?

Ìyá_Ìbejì_Adéwọlé
Kọ́tìnì ṣáwà ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì ra méjì. Ohun tí mo ń rí nílé àwọn èèyàn ni pé wọ́n á ta kọ́tìnì sẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ kí ilẹ̀ ìta má baà tutù, wọ́n á wá fi ògiri sílẹ̀ fún omi. Ẹ ta ọ̀kan sẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ ta èkejì sójú ògiri gan-an. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180 níbùú, 180 lóròó, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Bí ògiri yín bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí méjì gorí ara wọn.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi ta á: wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò, èyí tá a fi ń sá aṣọ, láti igun kan dé ìkejì lókè orí ṣáwà. Ìṣó méjì péré ló máa gbà. Ọ̀pá kan tún wà tó ní sípíríǹgì nínú, ẹ̀ ń yí i ni, á sì fún mọ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ìyẹn kò fẹ́ ìṣó rárá, àmọ́ ojú táìlì tàbí ògiri tó le ló ti ń dúró. Bí síkírídìn yín bá ti rọ̀, ọjọ́ tí ọmọdé bá fa kọ́tìnì yẹn, tòun tọ̀pá ni wọ́n jọ máa bọ́.

Tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ fà á kúrò lára ògiri o. Ẹ má jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn sùn.

Bíríkìlà_Gánmọ̀
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ògiri yẹn ti mu omi yó. Tẹ́ ẹ bá fi nǹkan bo ògiri tó tutù, ẹ ti sé omi mọ́nú rẹ̀ nìyẹn, ibi tó sì máa wá gbà jáde ni yàrá yín níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí. Síkírídìn, ẹfun òyìnbó la fi ń pò ó, pẹ̀lú POP àti gọ́ọ̀mù tá à ń pè ní bọ́ǹdì, àwọn mìíràn á fi sìmẹ́ńtì funfun díẹ̀ kún un. Ó máa ń jẹ́ kí ògiri yàrá jọ̀lọ̀. Kò wà fún ibi omi. Tó bá ti ń rí omi lójoojúmọ́, á rọ̀, á wú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ẹ̀múlúṣọ̀n tó wà lórí rẹ̀ kò lè gbà á sílẹ̀. Ti lẹ́búlẹ́bú funfun, iyọ̀ ni. Omi tó wọnú ògiri ń yọ́ iyọ̀ inú sìmẹ́ńtì àti yanrìn, tó bá wá dé ojú ògiri, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù. Òun ló ń ti ọ̀dà jáde láti ẹ̀yìn. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbá a kúrò. Ẹni tó bá fi omi fọ̀ ọ́ tún dá a padà sínú ògiri ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ògiri ti gbẹ: ẹ gé ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara ní sẹ̀ǹtímítà 45 sí 45, kẹ́ ẹ fi téèpù lẹ ẹ́ mọ́ ògiri yípo kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má tan ṣáwà níbẹ̀. Ó kéré tán, kó lo wákàtí 16. Bí omi bá sẹ̀ sáàárín ọ̀rá àti ògiri, inú ògiri ló ti ń wá. Bó bá jẹ́ òde ọ̀rá ló tutù, ooru inú balùwẹ̀ ló ń di omi, fèrèsé ni kẹ́ ẹ máa ṣí.

Ẹ fi síkírépà ha gbogbo ibi tó ti wú. Ẹ má ṣàánú ẹ̀. Kí fáànù máa fẹ́ sí i láti ẹnu ọ̀nà (mo ní ẹnu ọ̀nà o, kì í ṣe inú balùwẹ̀). Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni, ògiri Ìlọrin á gbẹ wàrà-wàrà. Láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ẹ ní sùúrù.

Stúdẹ́ǹtì_Tanke
Ẹ kúkú fi garawa wẹ̀ jàre. Kí la fẹ́ fi ṣáwà ṣe ná?

Ìyá_Ìbejì_Adéwọlé
Garawa kì í ta omi ni? Ìwọ lọ wo ìsàlẹ̀ ògiri níbi tí ẹ̀ ń gbé kó o tó fèsì.

Bíríkìlà_Gánmọ̀
Ọmọ yẹn ò jìnnà sóòótọ́. Ìsàlẹ̀ ni omi garawa ń ta sí, táìlì tó dé orúnkún á gbà á, pàápàá bí ẹni tó ń wẹ̀ bá jókòó sórí àpótí. Ṣáwà tó wà lókè orí ló ń fi omi dé ibi tí táìlì kò dé. Tó bá jẹ́ pé ẹ lè fi garawa wẹ̀ títí ògiri á fi gbẹ, ìdajì iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá sì padà sí ṣáwà, ẹ wá èyí tó ní rọ́bà gígùn tá a ń fọwọ́ mú, kẹ́ ẹ so ó mọ́lẹ̀ níwọ̀n àyà. Omi á máa bọ́ sílẹ̀, kò ní máa fọ́n káàkiri.

Ọmọ_Ọ̀fà
Èmi ò fara mọ́ kọ́tìnì. Ọ̀rá tí àwọn bíríkìlà ń tẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó da jámáànì flóò, ẹ lọ wá òun. Ó nípọn, kò wọ́n, wọ́n á sì gé ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún yín. Tẹ́ ẹ bá rí funfun gaara, ó sàn ju dúdú lọ, torí ẹ ó máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀. Lókè, ẹ wá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ògiri. Ẹ wé etí ọ̀rá mọ́ pákó yẹn lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ya níbi tí ìdè olóbìírí (síkúrúù) bá gún un, kẹ́ ẹ wá fi ìdè olóbìírí mẹ́ta tàbí mẹ́rin dì í mọ́ ògiri lókè ibi tí omi lè ta dé. Ihò yẹn kéré, fíílà tí wọ́n fi ń dí ihò ògiri, díẹ̀ nínú rẹ̀ á dí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó. Nísàlẹ̀, ọ̀rá gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ẹnu táìlì, kó gorí rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, bí páànù òkè ṣe máa ń gorí páànù ìsàlẹ̀. Omi á wá bọ́ sójú táìlì. Bí ọ̀rá bá parí sí òkè táìlì, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín tọ́ omi sẹ́yìn ọ̀rá nìyẹn, ó sàn kẹ́ ẹ má fi nǹkan kan bò ó rárá.

Ẹ má fi téèpù lẹ ìsàlẹ̀ pa. Ẹ jẹ́ kó máa mì, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ gòkè. Níbi igun, ẹ má gé e. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ kọ́nà lọ láìjá. Níbi tí páìpù ṣáwà ti yọ, ẹ fi abẹ la á bí àgbélébùú kékeré, kí páìpù gba àárín rẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ fi téèpù wé e yípo.

Ohun kan á yọ yín lẹ́nu: tí omi gbígbóná bá ń tú, ọ̀rá á máa fà wá lẹ̀ mọ́ ẹni tó ń wẹ̀. Ẹ ká etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ ki òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi téèpù dì í. Á dúró.

Ayálégbé_ÒkèOdò
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti lẹ ọ̀rá tí ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà sọ. Mo lẹ ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù ṣáwà, mo lẹ ọ̀kan jìnnà síbẹ̀, nítòsí ilẹ̀kùn. Tó bá di ọ̀la, màá fàbọ̀ jẹ́ yín.

Alájà_Pákátà
Àsàlámù àlékùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ilé búlọ́ọ̀kù ni gbogbo yín ń sọ. Àwa tí ilé baba wa jẹ́ alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú ńkọ́?

Nínú agboolé wa, àwọn ọmọ gé ìdajì yàrá kan, wọ́n sọ ọ́ di balùwẹ̀ nítorí àgbà tí kò lè máa jáde lóru mọ́. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún, ó dára. Nígbà tó pẹ́, mo rí ìlà kan tó là ní kọ́nà, kò ju fọ́nrán irun lọ. Mo fi ìka kan ògiri lábẹ́ rẹ̀, ó dún bí ìgbà tí nǹkan ò sí nínú. Nígbà tí wọ́n máa ṣí sìmẹ́ńtì yẹn, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, ó ti ṣàn kúrò. Awẹ́ sìmẹ́ńtì nìkan ló dá dúró, tòun ti ọ̀dà lára, digbí. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn tì í ì bá bá a ṣubú.

Láyé àwọn ìyá wa, èèpo irúgbá ni wọ́n ń sè. Kì í ṣe irú tá à ń jẹ, èèpo tó gùn tó bo èso lára ni mò ń sọ. Omi rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n á máa fi pa ògiri amọ̀ kí òjò má baà tètè fọ̀ ọ́. Ṣé ìyẹn ò lè ṣe é?

Stúdẹ́ǹtì_Tanke
Àbí ká fi òrí pa á, Ìyá. Òrí kì í gba omi láyè.

Alájà_Pákátà
Ọmọ, bá mi ra òrí tó máa kárí ògiri, kí n rí i.

Bíríkìlà_Gánmọ̀
Wàálékùmú sàlámù, Ìyá wa. Omi èèpo irúgbá ń ṣiṣẹ́, àwọn ará òkè Ọya náà ń lò ó di òní, wọ́n tilẹ̀ ń pò ó mọ́ amọ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Àmọ́ òjò ni wọ́n fi ń dènà. Òjò rọ̀, oòrùn ràn, ògiri gbẹ. Ògiri balùwẹ̀ kì í rí oòrùn, àràárọ̀ àti alaalẹ́ ni omi sì ń bá a. Ojú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ amọ̀ náà kò ní mu ún bí amọ̀ ṣe ń mu ún.

Fún ògiri amọ̀, ìmọ̀ràn tèmi le díẹ̀: kí omi má kàn án rárá. Ẹ má fi ìṣó kan ọ̀rá mọ́ ọn, ẹ má fi nǹkan lẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe férémù tó dá dúró fúnra rẹ̀. Páìpù PVC tí púlọ́ḿbà ń lò, ẹsẹ̀ mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi ẹ́bò àti tíì, àwọn ohun tí wọ́n fi ń so páìpù mọ́ra, so òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀. Kò fẹ́ gọ́ọ̀mù, ẹ kàn máa kì wọ́n bọ ara wọn ni, ẹ lè tú u nígbàkigbà. Tápólì ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ kẹrin ni ẹnu ọ̀nà. Kí tápólì sọ̀ kalẹ̀ sínú agbada rọ́bà ńlá tàbí sẹ́nu ihò tí omi ń gbà jáde, kí férémù sì fi àyè tó ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Ayálégbé, ìwọ náà gbọ́: ẹni tí kò bá fẹ́ lu ihò rárá, èyí ló yẹ ẹ́ jù.

Alájà_Pákátà
Mo gbọ́. Bàbá wọn ti ní àwọn ò ní wọnú tápólì wẹ̀, pé àwọn kì í ṣe àgbàdo tí wọ́n ń sá. A óò máa bẹ̀ wọ́n.

Pẹ́ńtà_GaaAkanbi
Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni mo bá wá. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa ta ọ̀rá, kó ha síkírídìn kúrò pátápátá dé ojú sìmẹ́ńtì, kó jẹ́ kó gbẹ, kó wá fi páráímà olóróró kùn ún lẹ́ẹ̀kan àti gílọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì. Omi á máa yọ̀ dànù lórí rẹ̀. Ó lè gbé yín débi tí owó táìlì á fi jáde. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi kun ògiri tó ṣì ní omi nínú, á yọ róró, ẹ ó máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ róró ara. Ẹ má sì fi gílọ́ọ̀sì bo orí ẹ̀múlúṣọ̀n tó ti ń bó. Ohun tó wà nísàlẹ̀ á bó, á sì mú tòkè dání.

Ìyàwó_Tuntun
Pépà ògiri tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ńkọ́? Mo rí i lórí ayélujára, ó rẹwà bíi máábù.

Pẹ́ńtà_GaaAkanbi
Ẹ fi sí kíṣíìnì. Nínú ooru balùwẹ̀, etí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣí, omi á gbabẹ̀ wọlé, ẹ ò sì ní mọ̀ títí á fi hu èbu lẹ́yìn. Orí síkírídìn tó ń yọ lẹ́búlẹ́bú, kò tilẹ̀ ní lẹ̀ dalẹ́.

Ọlọ́jà_Rẹ́gí
Ẹ kàn sí mi fún kọ́tìnì, pépà ògiri, ọ̀pá sípíríǹgì, a ń gbé e délé

Alábòójútó
Ìpolówó kò gbọdọ̀ wà níbí. A ti yọ nọ́ńbà yẹn kúrò. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ará_ÒmùÀrán
Èmi fi PVC tí wọ́n fi ń ṣe àjà bo ògiri méjì níbi tí ṣáwà wà. Ó fẹ́ owó ju ọ̀rá lọ, àmọ́ ẹni tó bá wọlé rò pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Òòró ni kẹ́ ẹ tò ó, kí ojú ìpàdé wọn dojú kọ ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dá a bùú, ojú ìpàdé kọ̀ọ̀kan á máa gba omi dúró. Kàfíńtà bá mi kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ó wá kan PVC mọ́ pákó. Àlàfo wà lẹ́yìn rẹ̀. A fi sílíkọ́nì dí òkè àti kọ́nà, a fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Sílíkọ́nì náà, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí omi tó kàn án. Ìgbà tí mo bá tẹ́ táìlì, màá tú PVC yẹn, màá fi ṣe àjà ṣọ́ọ̀bù.

Oníná_Sángo
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní hítà omi nínú balùwẹ̀ yìí? Bí swíìṣì rẹ̀ tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan bá wà lára ògiri tó ti mu omi, ẹ pa á láti bírékà kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ògiri tó tutù ń gbé iná. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan páìpù tàbí ògiri tó ń gbọ̀n yín jìn-ìn, ẹ jáde, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó fi dírììlì lu ihò pákó yẹn náà, ẹ wo ibi tí swíìṣì wà. Wáyà sábà máa ń gba òkè rẹ̀ lọ tààrà. Òkè páìpù ṣáwà náà, ẹ má lu ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Fátẹ̀
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òórùn kọ́bọ́ọ̀dù. Èbu nìyẹn, ó ti gba ẹ̀yìn ògiri dé yàrá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ikọ́ fée nínú ilé, ẹ má jẹ́ kó sùn níbẹ̀ ná. Ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ẹ kó aṣọ sóòrùn.

Ẹ lè fi Hypo tàbí Jik tẹ́ ẹ ti fi omi là nu èbu tó wà lójú táìlì, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì tá a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láéláé, ẹ má sì lo méjèèjì tẹ̀ léra wọn láìjẹ́ pé omi ti ṣan ibẹ̀ dáadáa. Afẹ́fẹ́ kúlọ́ríìnì tó ń ti ibẹ̀ jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, balùwẹ̀ kò sì fẹ̀ tó ibi téèyàn á ti sá fún un. Síkírídìn tó ti hu èbu, òògùn ò sí fún un, ẹ ha á dànù. Ẹ fi nǹkan bo imú.

Ayálégbé_ÒkèOdò
Èsì dé o. Ọ̀rá tó wà nítòsí ilẹ̀kùn gbẹ kanrin-kanrin. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, omi sẹ̀ sí i nínú, ó tilẹ̀ kóra jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì tan ṣáwà láti àná!

Púlọ́ḿbà_Kúlẹ̀ńdè
Àṣé ẹjọ́ mìíràn ni. Ó lè jẹ́ pé omi tó ń ta láti ṣáwà nìkan kọ́ ló ń ba ògiri yẹn jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí páìpù máa jò nínú ògiri, tàbí kó jẹ́ ojú ìdè rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ èyí tó rọrùn wò. Ọ̀pá tó gbé orí ṣáwà dúró, ẹ yí i tú. Bí téèpù funfun tá a fi ń wé ojú ìdè kò bá sí lára rẹ̀, tàbí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n wé e, ẹ wé òmíràn dáadáa, ní ọ̀nà tí ìdè ń yí sí, kẹ́ ẹ tó dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ihò tí ọ̀pá yẹn gbà jáde nínú ògiri. Àwọn kan á fi àwo kékeré tó ń dán bo ojú ihò, wọn ò ní dí i. Gbogbo omi tó bá ṣàn padà lára ọ̀pá ń gbabẹ̀ wọlé. Ẹ fi sílíkọ́nì dí i yípo.

Tẹ́ ẹ bá ṣe ìyẹn tán, ẹ ti fáàfù tó ń gbé omi wá sí balùwẹ̀, kẹ́ ẹ tún lẹ ọ̀rá tuntun. Bó bá gbẹ nígbà tí fáàfù wà ní títì, tó tún tutù nígbà tẹ́ ẹ ṣí i, páìpù inú ògiri ni. Èyíinì kò gba ọ̀rá, kò gba kọ́tìnì. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́ ibẹ̀.

Bíríkìlà_Gánmọ̀
Púlọ́ḿbà ti bá mi parí ẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé ògiri tó ti mu omi kò ní gbẹ lóru kan. Bó bá ṣì tutù díẹ̀ lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí fáàfù ti wà ní títì, ẹ má tíì gbé òòlù. Ẹ tún un lẹ̀ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ayálégbé_ÒkèOdò
Téèpù funfun kankan ò sí lójú ìdè ọ̀hún. Púlọ́ḿbà tá a pè nígbà yẹn, Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń rò. Mo ti wé e, mo ti fi sílíkọ́nì dí ihò rẹ̀, garawa la fi ń wẹ̀ báyìí.

Tó bá wá jẹ́ páìpù inú ògiri, ta ló yẹ kó san án? Èmi ni mo ní kí wọ́n so ṣáwà.

Ìyá_Ìbejì_Adéwọlé
Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lórí fóònù, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní kíkọ, ẹ má fi ẹnu nìkan sọ ọ́. Páìpù tó wà nínú ògiri kẹ́ ẹ tó dé, tirẹ̀ ni. Ọ̀pá ṣáwà tẹ́ ẹ so, tiyín ni. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ kọ́bọ̀ nínú owó ilé láìjẹ́ pé ẹ ti jọ fẹnu kò. Ibẹ̀ ni ìjà onílé àti ayálégbé ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀fà
Kẹ́ ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ kó tẹ́ táìlì ojú ògiri ibi ṣáwà nìkan ná, kó dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ìyókù lè dúró. Ọ̀pọ̀ onílé ń sá fún iṣẹ́ yìí torí wọ́n rò pé gbogbo balùwẹ̀ ni.

Ayálégbé_ÒkèOdò
Màá sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ọ̀rá ni mo máa ta tí ògiri bá gbẹ. Lọ́jọ́ tí onítáìlì bá wá dé, ṣé sílíkọ́nì, téèpù àti ihò ìdè wọ̀nyí ò ní dí i lọ́wọ́?

Bíríkìlà_Gánmọ̀
Ihò kò ṣe nǹkan kan. Sílíkọ́nì ló ń dá wàhálà sílẹ̀, sìmẹ́ńtì táìlì kì í mú un. Ẹ fi abẹ gé e létí méjèèjì, ẹ fà á jáde, kẹ́ ẹ fá èyí tó bá kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni gọ́ọ̀mù téèpù. Ẹni tó bá ti kun gílọ́ọ̀sì, kí wọ́n fi ṣísẹ́lì sá gbogbo ojú rẹ̀ kí sìmẹ́ńtì lè rí ibi dì mú. Síkírídìn tó bá kù lára ògiri, kí wọ́n ha gbogbo rẹ̀ dé sìmẹ́ńtì, títí kan èyí tó ṣì dára lójú. Bí onítáìlì yín bá ní kò séwu, pé òun á lẹ táìlì lé síkírídìn lórí bẹ́ẹ̀, ẹ san owó ọkọ̀ fún un, kó máa lọ, kẹ́ ẹ pe ẹlòmíràn.